Ìtẹ́dìí ife tí mo fi igi máńgòrò ṣe ti sán tán: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Nígbà tí wọ́n gé igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa, mo gba ẹ̀ka kan tó nípọn díẹ̀ ju ìdí ife tíì lọ, mo sì ní kí káfíńtà àdúgbò bá mi fi ayùn rẹ́ ẹ ní róbótó róbótó, bí ẹni ń gé iṣu tó fẹ́ fi dín dùndún. Mo sá wọn sóòrùn, mo fi sáńpépà ra wọ́n, mo fi àdín àgbọn pa wọ́n lára. Mo fẹ́ máa gbé ife lé wọn nílé, kí n sì fi mẹ́fà ránṣẹ́ sí àbúrò mi tó wà ní London. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi sán láti èèpo dé àárín. Àwọn tí kò sán púpọ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìdí ife, wọ́n sì ti ń rùn. Mi ò ní ẹ̀rọ kankan nílé. Kí ni mo ṣe tí kò dáa, báwo ni mo sì ṣe lè ṣe èyí tó máa tọ́jọ́?

Ìdáhùn: Àǹtí wa, ẹ kú ìsapá. Ọ̀rọ̀ méjì ló wọ inú ara wọn nínú ohun tí ẹ kọ yìí, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí wọ́n ṣe gé igi náà ló jẹ́ kó sán. Epo tí ẹ fi pa á ló jẹ́ kó máa lẹ̀, kó sì máa rùn. Bí ẹ bá ra epo tó dáa jù lọ láyé, róbótó yẹn yóò ṣì sán; bí ẹ bá sì gé igi yín bó ṣe tọ́ tí ẹ wá fi àdín àgbọn pa á, yóò ṣì lẹ̀ mọ́ ife. Omi ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Tábìlì onígi lè lo ogún ọdún nínú pálọ̀ láìjẹ́ pé omi dà sí i lára ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Ìtẹ́dìí ife kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, tíì gbígbóná ló máa kọ́kọ́ gùn ún. Lọ́sàn-án, ìgò tútù tó ń làágùn ni. Tó bá dalẹ́, bíà tàbí sóbò oníyìnyín. Pẹlẹbẹ igi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló ń rí gbogbo èyí, nítorí náà ẹ má fi kíkéré rẹ̀ wọn iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti sísán. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kún fún omi. Apá kan omi náà wà nínú àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba inú igi láti gbòǹgbò lọ sókè, apá kejì sì ti rin wọ ara iṣan igi fúnra rẹ̀. Nígbà tí ti inú ihò bá ń gbẹ, igi kò ní yí padà, yóò kàn fúyẹ́ ni. Ìgbà tí omi tó ṣẹ́ kù bá lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 30 nínú 100 ìwọ̀n igi gbígbẹ ni súnkì tó bẹ̀rẹ̀, kì í sì í súnkì bákan náà níbi gbogbo. Ní òòró, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Láti àárín lọ sí èèpo, ó ń súnkì díẹ̀. Yíká, bí àwọn àmì òrùka inú igi ṣe yí po, ó ń súnkì tó bí ìlọ́po méjì ti àárín sí èèpo. Ẹ wá wo róbótó yín pẹ̀lú ìyẹn: etí rẹ̀ ń fẹ́ kúrú ju bí inú rẹ̀ ṣe gbà á láyè lọ, kò sì síbi tó lè sá sí. Ó gbọ́dọ̀ já níbì kan. Ìdí nìyẹn tí ojú sísán rẹ̀ fi fẹ̀ létí, tó sì tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sí àárín. Oòrùn tí ẹ sá a sí kàn mú ọ̀rọ̀ náà yá ni. Nínú ilé náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ì bá sán.

Róbótó tún ní àléébù mìíràn tí àwọn èèyàn kì í rò. Ẹnu àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ṣí sókè lójú rẹ̀. Omi ń gba ẹnu ihò jáde nínú igi ní bí ìlọ́po mẹ́wàá bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ẹnu ihò kan náà ló sì ń gbà padà wọlé nígbà tí ìgò tútù bá jókòó lé e. Ohun tí ẹ ń wá ni igi tí kì í mu omi, ẹ sì wá dojú ibi tó ti ń mu omi jù kọ ife.

Mo mọ̀ pé róbótó tó ní èèpo létí ló wà nínú gbogbo fọ́tò tí wọ́n ń gbé kiri. Ó wuni lóòótọ́. Èmi kì í ṣe é fún oníbàárà, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé e padà wá bá mi. Èèpo á máa já díẹ̀díẹ̀, kòkòrò a sì fẹ́ràn abẹ́ èèpo ju ibikíbi lọ lára igi. Tó bá jẹ́ òun ni ọkàn yín fà sí dandan, ẹ ní kí wọ́n gé ẹ̀ka náà ní dídagun, kó má ṣe jẹ́ tààrà sí ìbú; yóò jáde bí ẹyin, kì í sì í sán tó èyí tí wọ́n gé tààrà. Ẹ fi dírílì lu ihò kékeré sí àárín gan-an, kó lè ní àyè díẹ̀ láti fún mọ́ra. Ẹ gbé wọn sínú yàrá tí oòrùn kò dé, kí wọ́n gbẹ díẹ̀díẹ̀ nínú àpò bébà. Ẹ sì gé tó ìlọ́po méjì iye tí ẹ nílò, torí àwọn kan yóò ṣì sán.

Èyí tí ẹ ti fi àdín àgbọn pa, ẹ gbàgbé ẹ̀. Òróró ti gba ẹnu ihò wọ inú jìnnà, kò sí gúlù tàbí fáníìṣì tó máa mú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èyí tí ẹ kò tíì fi epo kan bá wà, tó ti sán, tó sì ti gbẹ tán, ẹ lè rẹ́ ẹ sí méjì gba ojú ibi tó sán kọjá sí òdìkejì, kí ẹ fá ojú méjèèjì kó tẹ́jú, kí ẹ sì fi gúlù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Kò ní rí róbótó gidi mọ́, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ó ti gbẹ, kò tún ní fi bẹ́ẹ̀ sán mọ́.

Ti epo kò gba àlàyé púpọ̀. Epo méjì ló wà lójú oníṣẹ́ igi: èyí tó máa ń gbẹ àti èyí tí kì í gbẹ láéláé. Àdín àgbọn, àdín dúdú, epo pupa, òróró ẹ̀pà, gbogbo ìwọ̀nyí kì í gbẹ. Inú igi ni wọ́n máa wà bí òróró, wọ́n á máa fa eruku mọ́ra, wọ́n á máa rọ̀ tí ife gbígbóná bá kàn wọ́n, nígbà tó bá sì yá wọ́n á kan. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Èyí tó ń gbẹ ni irú linseed oil, tí atẹ́gùn máa ń sọ di nǹkan líle lára igi. Ó wà ní ọjà àwọn tó ń ta ọ̀dà. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ “boiled” sí lára, torí èyí tí kò ní i lára máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Síbẹ̀, epo nìkan kò tó fún ìtẹ́dìí ife, màá sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe tuntun. Pákó ni kí ẹ lò, kì í ṣe ẹ̀ka. Pákó tí wọ́n là ní òòró máa ń fi ẹ̀gbẹ́ iṣan rẹ̀ kọjú sí ife, ẹnu ihò á wá bọ́ sí etí méjì péré, níbi tí ẹ ti lè dí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn kò níláti wá a jìnnà. Ẹ lọ sí ọjà pákó Bódìjà, tàbí kẹ̀, ẹ yà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ àga tó wà nítòsí yín kí ẹ bèèrè àjẹkù pákó. Ohun tí wọ́n kà sí ìdọ̀tí, tí wọ́n ń dà fún àwọn olóúnjẹ láti fi dáná, ìtẹ́dìí ife bíi mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Àǹfààní mìíràn ni pé àjẹkù ilé oníṣẹ́ àga sábà máa ń gbẹ ju pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní sọ́míìlì lọ.

Irú igi wo? Èyí ni ibi tí mo ti máa ń pẹ́ pẹ̀lú àwọn oníbàárà. Igi apá ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí. Ó le, kòkòrò kì í fọwọ́ kan inú rẹ̀ tó pupa, ó sì wà lára àwọn igi wa tí súnkì wọn kéré jù. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n máa kábàámọ̀: aró pupa rúsúrúsú kan wà nínú ihò rẹ̀, tí omi bá sì kàn án, aró náà a máa ṣàn jáde. Ẹ gbé ìtẹ́dìí ife apá tí kò ní fáníìṣì lé aṣọ tábìlì funfun ní àsè, kí ẹ gbé ìgò tútù méjì lé e lórí, kí ẹ wá wo ohun tó máa kọ sílẹ̀. Tí ẹ bá dí gbogbo ara rẹ̀ dáadáa, kò léwu.

Ìrókò náà dáa, ó sì rọrùn láti rí. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fá a, yóò pọ́n rúsúrúsú bí ẹni pé kì í ṣe ìrókò. Ìmọ́lẹ̀ ló máa sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀ nígbà tó bá yá, nítorí náà ẹ má fi àwọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣèpinnu. Òkúta wà nínú ìrókò mìíràn, òkúta gidi, tó lè ká ẹnu ayùn. Bí ẹ bá gbọ́ tí ayùn yín ń ké lórí nǹkan líle láàárín igi, ẹ dúró, ẹ sún síwájú díẹ̀. Tíìkì ní òróró tirẹ̀ lára, omi kò sì rí i mú bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òróró yẹn kan náà kì í jẹ́ kí gúlù àti fáníìṣì mú dáadáa, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fi àkísà tó rin fún tíínà nù ún. Ọ̀gànwó lẹ́wà, ó sì rọrùn láti fi ọwọ́ gé.

Èyí tí mo máa ní kí ẹ yẹra fún ni arère àti afárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pọ̀ jù nínú àjẹkù, owó wọn sì kéré. Wọ́n rọ̀. Èékánná lásán máa ń kọ ìlà sí arère lára, kòkòrò ajẹgi sì fẹ́ràn wọn. Tí ẹ bá rí ihò wínníwínní lára pákó tí lẹ́búlẹ́bú bí àtíkè ń ti inú rẹ̀ dà, ẹ dá a padà síbẹ̀ kí ó má lọ bá àwọn àga yín nílé. Pákó yòówù kí ẹ rà, ẹ gé ibi tó funfun lẹ́bàá èèpo sọnù. Ibẹ̀ ni kòkòrò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí, lára igi tó le pàápàá.

Igi máńgòrò kì í ṣe igi burúkú, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Àwọn kan ń fi ṣe abọ́. Ẹ̀ka yín tó ṣẹ́ kù, ẹ má tún gé e ní róbótó. Ẹ ní kí wọ́n là á sí méjì ní òòró, kí ojú sísán má baà rí ibi gbà, ẹ fi ọ̀dà àjẹkù kun ojú méjèèjì ibi tí wọ́n ti gé e, kó má tètè gbẹ níbẹ̀ ju àárín lọ, ẹ kó o sábẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kó kúrò nílẹ̀. Àwọn onígi àtijọ́ ní ìlú tútù máa ń ka ọdún kan fún nínípọn ínṣì kan. Lọ́dọ̀ wa níbí ó lè yá jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ oṣù kan.

Nípa bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé pákó ti gbẹ: ẹ má fi ojú wò ó, ojú máa ń tanni. Ẹ mú òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun ní kíṣìnì. Ẹ gé ègé kan, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fi bírò kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára, ẹ gbé e sí yàrá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, ẹ tún un wọ̀n. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, kò tíì gbẹ. Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró lójú kan ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kódà igi tó ti gbẹ, tí ẹ bá ti fá a kó tín-ín-rín, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé kí ẹ tó gé e sí wẹ́wẹ́, torí inú rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí afẹ́fẹ́ lè mú un lọ́.

Ẹ ní ẹ kò ní ẹ̀rọ. Kò burú, àmọ́ iṣẹ́ kan wà tí mo máa rọ̀ yín pé kí ẹ sanwó fún: fífá pákó sí nínípọn kan náà. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ní ẹ̀rọ ìfági, kí wọ́n fá a kù sí sẹ̀ntímítà kan, ìyẹn bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ínṣì, kí wọ́n sì là á ní fífẹ̀ ínṣì mẹ́rin. Kò ní gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìfági ọwọ́ ṣe é láìtíì ní ìrírí, ọwọ́ á máa ro ó, pákó náà kò sì ní dọ́gba. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo orí pákó náà níbi tí àmì òrùka ti hàn. Tí àwọn àmì náà bá dúró ṣánṣán, láti ìsàlẹ̀ sókè, ẹ mú un. Tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ tàbí tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun, pákó yẹn ló máa ń ṣe kòtò nígbà tí omi bá kàn án lójú kan.

Pákó tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yóò fún yín ní mẹ́jọ, pẹ̀lú ohun tí ayùn máa jẹ. Ẹ fi rúlà onígun wọ̀n ọ́n ní ínṣì mẹ́rin mẹ́rin. Kí ayùn tó kàn án, ẹ fi ọ̀bẹ mímú la ojú ìlà náà yí pákó ká, lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń fò nìyí, òun ló sì ń jẹ́ kí etí igi jáde láìfàya. Ayùn tí eyín rẹ̀ wẹ́ ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń gé igi òrùlé. Tí ẹ bá rí àpótí tí wọ́n máa ń fi ayùn gbà kọjá kó lè gé tààrà, ẹ rà á. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ má ti ayùn, ẹ jẹ́ kó máa jẹ fúnra rẹ̀.

Tí ẹ bá ti gé wọn tán, ẹ má fi sáńpépà rá igi. Igi ni kí ẹ fi rá sáńpépà. Ẹ lẹ odindi sáńpépà mọ́ orí gíláàsì tàbí táìlì tó tẹ́jú, kí ẹ máa wọ́ ìtẹ́dìí ife lórí rẹ̀, tẹ̀lé iṣan igi. Báyìí ni igun rẹ̀ kò ṣe ní yìnrìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà 80 bí ojú ẹ̀rọ bá ṣì hàn lára rẹ̀, ẹ bọ́ sí 120, ẹ parí pẹ̀lú 180. Kò sí ìdí láti lọ sí 400. Ojú tó bá dán jù kì í jẹ́ kí fáníìṣì rí ibi dì mú. Ẹ ra etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè àti nísàlẹ̀ kó má mú mọ́, torí etí tó mú ni fáníìṣì kọ́kọ́ ń bó lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àkísà tútù nu gbogbo rẹ̀, kí iṣan kéékèèké lè nàró. Nígbà tó bá gbẹ ẹ tún fi 180 rá a fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ kò bá ṣe èyí báyìí, ife àkọ́kọ́ tó bá làágùn ló máa bá yín ṣe é.

Ẹ lè rò pé ó yẹ kí ẹ gbẹ́ àárín rẹ̀ kó jìn díẹ̀, kí omi má baà ṣàn. Èmi ò gbà. Láìsí ẹ̀rọ, ó ṣòro kó dọ́gba, omi tó bá sì dúró nínú kòtò ló ń wá ọ̀nà wọ inú igi. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa fi ayùn fa ìlà mẹ́ta tẹ̀lé iṣan igi lójú òkè, tí kò jìn ju mílímítà kan lọ, pẹ̀lú igi tààrà tí mo dè mọ́ ọn kí ayùn lè gbára lé. Kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́ nìkan. Tí ìdí ife bá tẹ́jú, tí ojú igi náà tẹ́jú, omi tín-ín-rín àárín wọn máa ń so wọ́n pọ̀: ẹ gbé ife, ìtẹ́dìí rẹ̀ á tẹ̀lé e dé ẹnu, á wá já lu táìlì. Àwọn ìlà yẹn ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ àárín wọn. Ẹni tó bá sì mọ ọnà í gbẹ́ lè fi ọnà dípò ìlà, iṣẹ́ kan náà ló máa ṣe.

Ó kù ohun tí a máa fi bò ó. Pọ́líṣì tí àwọn káfíńtà wa ń pò pẹ̀lú sípírítì máa ń dán gan-an, ó dára fún bẹ́ẹ̀dì àti wọ́dúróòbù. Ẹ má fi kan ìtẹ́dìí ife. Omi àti ooru máa ń fi òrùka funfun sí i, sípírítì ló sì yọ́ ọ tẹ́lẹ̀, nítorí náà wisikí tàbí ògógóró tó bá kán sí i lára yóò tún un yọ́. Ìda oyin ń ta omi dànù, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ́ ní nǹkan bí 62 sí 64 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì ti ń rọ̀ kó tó dé ibẹ̀. Tíì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ po gbóná ju ìyẹn lọ. Epo linseed máa ń tó fún ẹni tó ń mu omi tútù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dí ojú igi pátápátá, ó sì máa ń pẹ́ kó tó gbẹ lórí ìrókò. Rẹ́sìnì tí wọ́n ń dà bí gíláàsì sórí igi, tí gbogbo èèyàn ń ṣe báyìí? Ó wuyì, ó sì wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ ilé máa ń rọ̀ lábẹ́ ife gbígbóná, ìdí ife á wá kọ òrùka sí i.

Fáníìṣì polyurethane tí a fi epo pò ni kí ẹ rà, agolo kékeré ti tó. Ẹ fi ìdá kan tọpẹntáìnì lu ìdá mẹ́rin fáníìṣì fún ìgbà àkọ́kọ́, kó lè rí inú igi wọ̀. Ẹ gbà á láyè di ọjọ́ kejì. Nínú òjò ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sáńpépà 240 rá a fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ nu eruku rẹ̀, ẹ tún un kùn lẹ́ẹ̀mejì sí i láìfi tọpẹntáìnì lù ú. Etí méjì tí ẹnu ihò wà, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i ju ibi yòókù lọ. Ẹ kan ìṣó wẹ́wẹ́ mẹ́rin mẹ́rin gba inú pátákó kan kí ẹnu wọn yọ sókè, kí ẹ máa gbé ìtẹ́dìí ife lé ẹnu ìṣó náà, ẹ ó lè kùn ojú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ torí pé kò hàn. Igi tí ojú kan rẹ̀ ń mu omi tí ojú kejì kò mu máa ń tẹ̀ ni.

Fáníìṣì tó gbẹ lọ́wọ́ kò tíì le. Ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ife gbígbóná tó kàn án.

Fún ìsàlẹ̀, ẹ ra kọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ tàbí awọ tín-ín-rín lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èròjà bàtà. Ẹ gé e kó kéré díẹ̀ sí igi, kó má yọ létí, ẹ fi gọ́ọ̀mù àwọn ṣúmékà lẹ̀ ẹ́. Kò ní jẹ́ kí ó máa yọ̀ lórí tábìlì gíláàsì, kò sì ní ha á. Gúlù funfun àwọn káfíńtà náà lè ṣiṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ́jà kì í fẹ́ omi.

Ohun méjì nípa ara yín, ẹ jọ̀ọ́. Lẹ́búlẹ́bú ìrókò máa ń yún àwọn kan lára, ó sì lè mú ẹlòmíràn ní ikọ́ àti èémí tó ń há. Ti igi tí wọ́n ń pè ní mansonia tún le jù bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ ìbomú, ẹ ṣiṣẹ́ níta, kí àwọn ọmọdé jìnnà. Bí ẹ bá sì lo epo linseed, ẹ má ká àkísà tí ẹ fi pa á jọ sínú báńkẹ́ẹ̀tì tàbí ọ̀rá. Bí epo yẹn ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru wá, àkísà tí wọ́n ká jọ sì lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣá ìṣáná. Ẹ na án sórí okùn níta títí yóò fi le gbandi, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Ti London. Igi kì í gbẹ lẹ́ẹ̀kan kó tán. Bí afẹ́fẹ́ ibi tó wà bá ṣe rí ló máa ń rí. Nígbà òjò wa, igi tó ti gbẹ máa ń ní omi bí 14 sí 16 nínú 100. Nínú ilé tí wọ́n tan ẹ̀rọ amúlémóoru sí nígbà òtútù ní Gẹ̀ẹ́sì, ó lè já wálẹ̀ dé 7 tàbí 8. Lórí ìtẹ́dìí ife ínṣì mẹ́rin, mílímítà kan sí méjì ni yóò fi súnkì. Kì í ṣe wàhálà fún igi tó dá wà. Wàhálà ni fún èyí tí ẹ bá fi férémù igi mìíràn yí ká, tàbí tí ẹ lẹ̀ mọ́ táìlì, torí igi á máa fà, ohun tó dì í mú kò sì ní gbà fún un. Nítorí náà, ti àbúrò yín, ẹ ṣe é lóríṣi igi kan ṣoṣo, láìsí férémù. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ gé e kí ẹ sì kùn ún nígbà ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ tiwa náà gbẹ, ìyàtọ̀ tó máa bá pàdé lọ́hùn-ún á kéré. Ẹ fi bébà wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi ọ̀rá wé e nígbà tí fáníìṣì rẹ̀ kò tíì pé oṣù kan, kó má baà lẹ̀ mọ́ ọn lójú ọ̀nà. Ẹ sì sọ fún un pé kó má gbé e sínú ẹ̀rọ ìfọbọ́. Àkísà tó rin díẹ̀ ti tó láti nù ún.